Má Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti fi ìlú wa ní Ọ̀ṣun sílẹ̀ wá sí Èkó, ohun tó sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé wọn kì í dáhùn ìkíni. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì, mo rí màmá kan tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjà, mà." Màmá náà ò wojú mi, báàgì mi ló ń wò. Ẹnì kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi orúnkún gbá mi léjìká, ó ní, "Sístà, kúrò lọ́nà jàre!" Nílé tiwa, bí àgbà ò bá dá ọmọdé tó kí i lóhùn, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Mo dìde, mo gbọn eruku aṣọ mi, àyà mi ń já. Mo rò pé màmá yẹn ti rí nǹkan kan lára mi tí èmi ò rí.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n àyà tó já lọ́jọ́ yẹn ò padà balẹ̀ dáadáa mọ́, mo kàn mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e rìn ni.

Yàrá kan ni mo rí gbà ní Ìsọlọ̀, nínú ilé gbọọrọ kan tí àwọn ìlẹ̀kùn ti kọjú síra wọn. Bí o bá wúkọ́ nínú yàrá rẹ, ẹni tó wà ní òdìkejì á ní "pẹ̀lẹ́ o". Síbẹ̀, nínú ilé tí a ti ń gbọ́ ikọ́ ara wa yẹn, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tí ẹnì kejì ń ṣe. A ó kíra láàárọ̀, a ó ní ó dàbọ̀, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Màmá mi máa ń pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà." Irọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ṣé o ti ríṣẹ́ gidi?"

"Mò ń wá a, mà."

"Olúwa á ṣe é. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Bó bá bọ́ sí i, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ayé ò fẹ́ ká rẹrù ká sọ̀."

Àfi bí ẹni pé wọ́n pò gbólóhùn yẹn mọ́ ọmú fún mi. Nílé wa, oyún kì í ní iye oṣù, ìrìn àjò kì í ní ọjọ́. Àbúrò bàbá mi kọ́lé parí ká tó mọ̀ pé ó rálẹ̀. Ẹni tó bá bi ọ́ láàárọ̀ pé "níbo lò ń lọ?", ojú burúkú la fi ń wò ó, pé kí ló fẹ́ fi ṣe. A ò ka ìyẹn sí ahun rárá. Ọgbọ́n là ń pè é.

Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, ara òpó iná ni mo ti ń wáṣẹ́. Ẹ mọ àwọn ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òpó l'Óṣòdì: "A ń wá òṣìṣẹ́ kíákíá," nọ́ńbà fóònù lábẹ́ rẹ̀, kò sórúkọ ilé iṣẹ́. Mo pe ọ̀kan, wọ́n júwe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan fún mi. Mo débẹ̀, mo bá àwọn ọ̀dọ́ bí ogójì tí wọ́n wọ kóòtù nínú ooru, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan ní kí n pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n pariwo pé mo máa di olówó. Mo pariwo, òmùgọ̀ bí èmi! Lẹ́yìn náà ló ní kí n ra egbòogi páálí kan kí iṣẹ́ mi tó lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n lọ mú owó wá. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò tètè yà fún mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Nọ́ńbà ẹ wà lọ́wọ́ wa o." Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi pè mí, wọn kì í sọ̀rọ̀ tí mo bá gbé e, wọ́n á kàn máa mí.

Mo rí iṣẹ́ nígbà tó yá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wá tẹ lẹ́tà jáde: wọ́n ti gbà á síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀wé, kò ní kí n má kà á. Mo rí orúkọ ìkànnì tó ti rí ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà nísàlẹ̀ ìwé, mo fi báírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo délé, mo ra dátà, mo ṣí i.

Ìkànnì náà ò dán lójú. Kò sí àwòrán ẹni tó ń yọ eyín, kò sí "kíákíá". Wọ́n to iṣẹ́ lọ́tọ̀, wọ́n to ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti àdúgbò tó wà. Wọ́n ní ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ èèyàn lórúkọ àwọn, olè ni. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ náà, kó lọ wo ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnì kan kó tó kúrò nílé. Mo ṣe méjì àkọ́kọ́, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo pè wọ́n, mo tún fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, mo bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì léèrè bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn ni mi ò ṣe. Mo ní àwọn tó kọ ọ́ ò mọ ayé.

Wọ́n gbà mí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fíríìjì àti ẹ́sì ṣe, wọ́n sì so mí pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń gbani síṣẹ́ lórí ìkànnì kan náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dá nìkan tún ẹ́sì ṣe, ilé kan ní Ire-Akari ni. Bàbá onílé na ọwọ́ sí i, ó ní, "Háà, ó mà ti tutù! Ìwọ ọmọbìnrin yìí!" Mo wọ ilé ìwẹ̀ wọn, mo sunkún. Mo fẹ́ pariwo ẹ̀ fún gbogbo ayé, àmọ́ mo gbé e mì bí ẹni gbé oògùn mì. Mo pe màmá mi. Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ní, "Ṣé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹ níbẹ̀?" Bí mo ṣe yọ ayọ̀ mi nìyẹn, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹni tí mo gbé e pa mọ́ fún jù ni Rẹ̀mí.

Rẹ̀mí ni èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá yẹn. Ọmọ ìlú kejì sí tiwa ni, mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, kò ríṣẹ́, ìwé náà wà nínú ọ̀rá lábẹ́ matírẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀kọ́ ilé tọ́mọ yẹn ní, ó ń bí èèyàn nínú nígbà mìíràn. Ó ń kúnlẹ̀ gba ife omi. Bó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé kí n ra bùrẹ́dì bọ̀, á kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ mà." Kí bùrẹ́dì tó kàn, ebi á ti pa á kú.

Irọ́ ni mo pa fún un. Mo ní wọ́n ní kí n máa wá gbálẹ̀ fún àwọn kan ní Ire-Akari. Lọ́jọ́ kan ó jókòó ti apá mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn gbálẹ̀, ṣé kò sáàyè fún èmi náà níbẹ̀? Mi ò kọ ilẹ̀ gbígbá o."

Mo ní, "Bó bá yọ, màá sọ fún ẹ."

Ó ní, "Ẹ ṣeun mà. Ọlọ́run á máa ṣe tiyín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ bó ṣe rí. Mi ò kórìíra rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn kan tí a jọ jẹ́ ẹbí lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbé níbi tí kì í ṣe ilé ẹ̀, ohun tó bá rí, á dì í mú bí ẹni di okùn mú lẹ́nu kànga. Mo ní kí n dúró dáadáa ná. Mo ní bí èèyàn méjì bá mọ̀ ọ́n, ó lè bàjẹ́. Mo wá ń wo Rẹ̀mí tó ń lọ láti ẹgbẹ́ wọ́sáàpù kan dé òmíràn, tó ń ka "iṣẹ́ wà, iṣẹ́ wà", mi ò sì lanu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó dìde, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde lábẹ́ matírẹ́ẹ̀sì. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi gbàdúrà. Mò ń lọ síbì kan. Tó bá ti bọ́ sí i, màá sọ fún yín."

Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé kí n bi í léèrè. Mo bá ní, "Olúwa á ṣe é." Àbí kí ni kí n wí? Kí ó lè máa rò pé mo fẹ́ mọ ìdí ẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ.

Kò wálé lọ́jọ́ yẹn. Mo pè é, ó ń dún, kò gbé e. Ní ọjọ́ Túsìdeè, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, màmá rẹ̀ pè mí láti ilé.

"Ìyá mi, ẹ̀yin àti Rẹ̀mí lẹ jọ ń gbé. Níbo ló lọ?"

"Kò sọ fún mi, mà."

"Ẹ ò sì bi í?"

Ìyá yìí dàgbà jù mí lọ, ó sì ń pè mí ní "ìyá mi", nítorí pé ọwọ́ mi ló fọmọ ẹ̀ sí. Ó ní kí n má bínú, pé òun ò tíì sùn ni.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó wà lórí káńtà bi mí pé kí lorúkọ ibi tó lọ. Mo ní mi ò mọ̀. Ta ló lọ bá? Mi ò mọ̀. Irú iṣẹ́ wo? Mi ò mọ̀. Ó gbé báírò ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mádàámù, kí wá lẹ mọ̀?" Ó ní àfàìmọ̀ kó má ti lọ bá ọkùnrin, pé kí n lọ sinmi. Gbogbo èèyàn inú ilé wa ni mo bi léèrè, yàrá sí yàrá. Gbogbo wọn la jọ ń gbọ́ ikọ́ ara wa. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi. Nọ́ńbà Rẹ̀mí ni. Mo yára ṣí i.

"Iṣẹ́ náà dára. Àyè ṣì kù. Mú ìwé rẹ dání kí o wá ní Mọ́ńdè. Sọ̀kalẹ̀ ní Apakun, wọ́n á wá mú ọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀yin èèyàn. Mo bínú! Inú bí mi, mo ń sọ̀rọ̀ fún ògiri. Èmi lọmọ yìí ń pè ní "ìwọ"? Èmi ló ń sọ fún pé "wá"? Ṣé nítorí pé ó ti ríṣẹ́, ó ti fojú di mí? Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí Àǹtí mi. Mo ní ó ti tán láàárín wa. Mo tiẹ̀ ti fẹ́ fèsì pé kó máa gbádùn iṣẹ́ ẹ̀.

Ìyá Ṣọlá, ará Èkìtì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn, ó yọjú. Mo na fóònù sí i, mo ní, "Ẹ wo ìwọ̀sí tí Rẹ̀mí ń fi lọ̀ mí."

Ìyá Ṣọlá kà á. Ó tún un kà. Ó rọra jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Rẹ̀mí tó ń pe Ṣọlá mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní 'ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi'?"

Mo gba fóònù náà padà, mo tún un kà. Rẹ̀mí ò lè kọ ọ́ báyìí. Bí a bá ń jà pàápàá, "ẹ" ló fi ń bá mi jà. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́, a jẹ́ pé fóònù ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni náà. Bó bá sì jẹ́ Rẹ̀mí ló kọ ọ́, a jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ìyá Ṣọlá ò jẹ́ kí n dá lọ mọ́. Àwa méjèèjì la padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá obìnrin kan ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "ìwọ" yẹn fún un, ẹ̀rù ń bà mí pé á fi mí ṣẹ̀sín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi náà ní àbúrò." Ó ní kí n fèsì pé mò ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo sọ̀kalẹ̀ ní Apakun pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi nínú fáìlì. Oòrùn wà lókè gan-gan. Àwọn tó ń ta ọsàn àti omi tútù ń pariwo ọjà, ọkọ̀ ń kọjá lọ sí pápákọ̀ òfurufú, gbogbo nǹkan rí bó ṣe ń rí lójoojúmọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin tí wọn ò wọ yunifọ́ọ̀mù wà nítòsí, mi ò rí wọn. Ọkùnrin kan tọ̀ mí wá, aṣọ rẹ̀ mọ́, òórùn lọ́fínńdà ń jáde lára ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin ni àǹtí Rẹ̀mí?" Ó mọ ọ̀wọ̀ jù mí lọ. "Ṣé ẹ sọ fẹ́nì kankan?"

"Rárá o. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ bí ayé ṣe rí."

Àfi bíi pé màmá mi ló ń sọ̀rọ̀ látẹnu ẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ mi ń lọ, ọkàn mi ò bá a lọ. Ó ya ọ̀nà kan, ó tún ya òmíràn, a dé ilé olódi gíga kan tí jẹnẹrétọ̀ ń dún níwájú ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná wà. Ó gba fóònù mi lẹ́nu ọ̀nà. Nínú pálọ̀, àwọn ọmọbìnrin jókòó sórí ẹní, kálukú mú fóònù dání, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ọkùnrin kan ń rìn láàárín wọn, ó ń ka ohun tí wọ́n ń kọ. Rẹ̀mí wà nígun, ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ló ṣì wọ̀, ètè ẹ̀ wú. Ó rí mi, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Háà, Àǹtí mi, kí lẹ wá ṣe níbí?" Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe fọ́ géètì nìyẹn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá ni Rẹ̀mí ti sọ fún mi. Kò síṣẹ́ kankan níbẹ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́lé ni, wọ́n ní kí kálukú wọn fi fóònù tan èèyàn wá, ẹni tí kò bá ṣe é, wọ́n á nà án. Ọkùnrin tó ń rìn láàárín wọn yẹn dúró sẹ́yìn ẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, ó kà á kó tó ní kó fi ránṣẹ́, kò rí àléébù kankan nínú ẹ̀. Rẹ̀mí ní, "Mo mọ̀ pé inú á bí yín. Mo ní bí inú bá ti bí yín, ẹ ò ní wá." Mo gbá a mọ́ra, mo ké bí ọmọdé.

Ó wálé. Màmá rẹ̀ wá láti ilé, ó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀, ó ń dúpẹ́ lálẹ́. Ọpẹ́ náà ń gún mi bí ẹ̀gún. Nígbà tí màmá lọ tán, Rẹ̀mí kì í jáde. Bí fóònù ẹnikẹ́ni bá dún nínú ilé, á fò sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn mi, àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ti ń bọ́ ọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kí n tó wálé, àmọ́ ó ti sú mi. Rẹ̀mí wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà láyà aṣọ náà.

Ó ní, "Àǹtí mi, iṣẹ́ ẹ́sì lẹ ń ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Níbo lẹ ti rí i?"

Mo sọ fún un. Ìkànnì, lẹ́tà, oṣù mẹ́ta ẹ̀kọ́ṣẹ́, Ire-Akari, gbogbo ẹ̀ pátá. Ó ń gbọ́ ọ, kò bá mi jà. Kó tiẹ̀ bá mi jà ni mo ń fẹ́.

"Látìgbà wo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

Mo ní, "Rẹ̀mí, mo dẹ́ṣẹ̀ sí ẹ. Ẹ̀rù ló bà mí. Dárí jì mí." Ó ní kò sí nǹkan kan, mà. Ó wá ní kí n yá òun ní fóònù mi, torí tiẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó ṣí ìkànnì náà, ó rí ibi tí wọ́n ti ń wá àwọn tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn ní ilé ìwòsàn. Ó kọ orúkọ ẹ̀, ó kọ ọjọ́ orí ẹ̀, ó kọ ilé ìwé tó lọ. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ó dé orí ìbéèrè tó kẹ́yìn: "Ta ló sọ fún ọ nípa wa?" Ìdáhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀: ọ̀rẹ́, ẹbí, rédíò, ilé ìwé, kò sẹ́nì kankan.

Rẹ̀mí gbójú sókè, ó wò mí. Mi ò lè sọ pé kó mú ọ̀kan. Ó tẹ èyí tó kẹ́yìn, ó sì fi ránṣẹ́.